Ṣé ẹ̀rọ lè bá wa mọ ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tó ti kú lára?

Ọmọ Ẹlẹ́rọ (ìbéèrè)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Mo fẹ́ kan àpótí kan tí yóò máa ṣe àyẹ̀wò tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fi okùn ọ̀rá (monofilament) ṣe lábẹ́ ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ti bà jẹ́. Aláìsàn á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ihò mẹ́rin á wà lábẹ́ rẹ̀, stepper motor (motor tó ń yí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀) á máa gbé okùn oní-gíráàmù 10, èyí tó máa ń tẹ̀ bí agbára tó fi ń tẹ awọ bá tó gíráàmù 10, yọ láti ihò kan dé òmíràn. Aláìsàn á tẹ bọ́tìnì nígbà tó bá mọ̀ ọ́n lára, àpótí á sì kọ èsì síta. Nọ́ọ̀sì ò ní dá sí i rárá. Àwọn kan ní iṣẹ́ àṣedànù ni, pé okùn ọ̀rá lásán ti tó, kí ni motor ń wá níbẹ̀? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibo ni yóò ti fọ́?

* * *

Nọ́ọ̀sì Ẹsẹ̀

Kì í ṣe àṣedànù, àbúrò. Àmọ́ ibi tí o fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí yẹn kọ́ ni àyẹ̀wò yìí ti ń bà jẹ́. Kò ṣòro láti fi okùn kan ẹsẹ̀. Ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e ló ṣòro, òun náà la sì máa ń fò.

Wo bí ìlànà IWGDF ṣe là á sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń kọ ìlànà lórí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ. Ibi mẹ́ta ni lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: abẹ́ àtàǹpàkò, orí egungun tó wà nídìí àtàǹpàkò, àti orí egungun tó wà nídìí ọmọńdinrín. Kọ́kọ́ fi okùn náà kan ọwọ́ tàbí iwájú orí aláìsàn kó lè mọ bó ṣe ń rí. Kó má ṣe rí ohun tí ò ń ṣe lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Okùn á dúró ṣánṣán sí awọ, wà á tì í títí á fi tẹ̀ kọrọdọ, wà á sì gbé e kúrò. Láti ìgbà tó sún mọ́ awọ títí ó fi kúrò níbẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ni gbogbo rẹ̀. Má jẹ́ kó yọ̀ lórí awọ, torí yíyọ̀ yẹn máa ń rinni, aláìsàn á sì mọ̀ ọ́n nígbà tí kò yẹ kó mọ̀ ọ́n. Bí egbò, àpá tàbí awọ tó yi bá wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó o ti ṣe é, má ṣe é lórí rẹ̀.

Níbì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lo máa fi okùn kàn án ní tòótọ́, ẹ̀ẹ̀kan lo máa ṣe bí ẹni fẹ́ kàn án tí o ò sì ní kàn án. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo máa béèrè: ṣé ó mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ wo sì ni? Tó bá gba méjì nínú mẹ́ta, ìmọ̀lára ibẹ̀ ṣì wà. Tó bá ṣi méjì, kò sí mọ́, ẹsẹ̀ yẹn sì wà nínú ewu egbò.

Ṣírò rẹ̀. Ibi mẹ́ta, ẹsẹ̀ méjì, ìbéèrè mẹ́ta níbì kọ̀ọ̀kan: 18 ni. Ní kílíníìkì tí èrò kún títí dé ẹnu ọ̀nà, èyí tí wọn kì í kàn ní tòótọ́ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fò. "Ẹsẹ̀ wo ni?" ló máa tẹ̀ lé e. Ohun tó máa ṣẹ́ kù ni "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" lẹ́ẹ̀mẹfà, bàbá á sì dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹsẹ̀ dára.

Kódà ká ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú pátápátá tó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀ á gba méjì nínú mẹ́ta níbi gbogbo, bí o kò bá béèrè ẹsẹ̀ wo. Bí o bá béèrè, tí o sì ń da ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì láìsí ètò tó lè há sórí, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni ìméfò lè gbà á là níbì kan. Kó tó lè bọ́ níbi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀ẹ̀kan nínú 4,096 ni. Ìbéèrè kékeré yẹn ló gbé àyẹ̀wò náà dúró.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni yíyan ibi tó kàn, yíyan ìgbà tí a ò ní kàn án, àti kíkọ ìdáhùn sílẹ̀. Fi okùn sílẹ̀ fún un.

* * *

Ẹ̀rọ Kékeré

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì lórí ìbéèrè. Ibi tí n ò ti fara mọ́ ọn ni pé kíkan ẹsẹ̀ rọrùn. Ọwọ́ ènìyàn ló mú kó dà bí ohun tó rọrùn. Gbé e fún motor, wà á rí i.

Àkọ́kọ́ ni ariwo. Stepper motor máa ń kùn. Kí okùn tó dé awọ, etí aláìsàn ti gbọ́ ọ, igi àpótí náà sì ti gbọ̀n dé gìgísẹ̀ rẹ̀. Etí ló máa fi dáhùn, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí motor fi gbọ́dọ̀ rìn nígbà tí kò ní kàn án náà, kó rin ọ̀nà kan náà, kó pẹ́ bákan náà, kó kàn dúró nígbà tó bá ku mílímítà mẹ́ta sí awọ. Ọ̀pọ̀ àpótí tí mo ti rí àwòrán wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, motor wọn á dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà òfìfo, ìyẹn ìgbà tí wọn ò ní kàn án. Èsì irú wọn kò ṣe é gbọ́kàn lé.

Èkejì, ẹsẹ̀. Bí aláìsàn bá gbé ìwúwo lé àpótí, ẹran ẹsẹ̀ á rì sínú ihò, awọ ibẹ̀ á le bí awọ ìlù, ìmọ̀lára á yí padà. Kó na ẹsẹ̀ sórí tìmùtìmù, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú síta láìtẹ nǹkan kan. Ihò mẹ́rin tó dúró sójú kan kò sì lè bá ẹsẹ̀ ọmọge àti ti àgbà ọkùnrin mu. Bí kò bá sí ohun tó ń sún okùn sọ́tùn-ún sósì, tí ojú ènìyàn sì ń darí rẹ̀, egungun ìdí ọmọńdinrín lo máa kọ́kọ́ tàsé.

Ẹ̀kẹta, okùn náà fúnra rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ ni pé bó bá ti tẹ̀, bí o tilẹ̀ ń tì í lọ, agbára tó fi ń tẹ awọ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́. Nítorí náà, kò pọn dandan kí ìrìn motor péye dé mílímítà. Sísanra okùn àti gígùn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ péye. Agbára yẹn ń tẹ̀ lé sísanra tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin: okùn tó fi 5 nínú ọgọ́rùn-ún nípọn ju bó ṣe yẹ lọ á fi ohun tó lé ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún le jù. Ẹni tó bá fẹ́ gé okùn ìpẹja lò gbọ́dọ̀ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àti 5.07 tí wọ́n kọ sára igi okùn náà, kì í ṣe gíráàmù. Òǹkà lọ́gárídímù ni, òun ni àwa ń pè ní gíráàmù 10.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n: gbé òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò, tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù, sórí tábìlì. Ti okùn mọ́ ọn ní ṣánṣán títí á fi tẹ̀, ka nọ́ńbà, ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bó bá bọ́ sísàlẹ̀ 9 tàbí tó kọjá 11, mú un kúrò. Ọ̀rá máa ń mu omi, ó sì máa ń rọ̀ nínú ooru, nítorí náà nọ́ńbà tí o kà nígbà ọyẹ́ lè má jẹ́ ti ìgbà òjò. Lẹ́yìn tí o bá fi ọtí apakòkòrò nù ún, jẹ́ kó gbẹ.

Okùn náà máa ń rẹ̀. Ìlànà sọ pé lẹ́yìn aláìsàn 10 sí 15, kó sinmi fún wákàtí 24, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn aláìsàn 70 sí 90. Mélòó nínú wa ló ń kà á? Níbí gan-an ni ẹ̀rọ ti lè ràn wá lọ́wọ́: kó máa ka iye ìgbà tí okùn tẹ̀, kó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tó bá tó.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ pé okùn kan awọ lóòótọ́, fi load cell (sensor tó ń wọn agbára) oní-gíráàmù 100 sí ìdí rẹ̀, pẹ̀lú HX711, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń sọ ohun tí sensor náà wọ̀n di nọ́ńbà. Lẹ́sẹ̀ kan náà, so ẹsẹ̀ RATE rẹ̀ mọ́ fóltéèjì kó máa kà á nígbà 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà mẹ́wàá tó sábà máa ń wà lórí rẹ̀ kéré jù fún ohun tí kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Wà á rí i tí agbára gòkè, tó sì dúró sójú kan bí òkè pẹrẹsẹ. Bí o ò bá rí pẹrẹsẹ yẹn, okùn ti yọ̀ tàbí ó tàsé, ìbéèrè yẹn ò sì wọlé.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù lọ ni mo fi sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tó ti kú lò ń gbé sórí ẹ̀rọ. Bí kóòdù bá ṣì í ṣe, tí motor ń ti igi okùn náà wọ inú ẹran, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ò ní pariwo. Ìdádúró irin ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti sọ́fítíwíà: kó má ṣeé ṣe fún ohunkóhun yàtọ̀ sí okùn láti dé awọ láé. Yọ́ etí ihò náà dán.

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́rọ

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìdádúró irin yẹn, n ò tiẹ̀ ronú kàn án. Ìbéèrè méjì: ṣé kí aláìsàn fi ohun dídí etí dí etí, kó má gbọ́ motor? Àti pé, dípò okùn, ṣé n ò lè lo gbígbọ̀n fóònù? Gbogbo ènìyàn ló ti ní fóònù.

* * *

Ẹ̀rọ Kékeré

Ohun dídí etí ò ní dí egungun. Gbígbọ̀n motor ń gba inú igi lọ sínú ẹsẹ̀. Òfìfo tó dún bí èyí tòótọ́ ni oògùn rẹ̀.

Lórí fóònù, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀, mo sì mọ ìdí: fọ́ọ̀kì onírin tó ń gbọ̀n ní 128 Hz (ìgbà 128 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) wà lára irinṣẹ́ àyẹ̀wò ẹsẹ̀ tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì rò pé gbígbọ̀n ni gbígbọ̀n ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Motor inú fóònù jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan ní irin kékeré tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń yí. Bí o bá mú un le, ó tún yára, o ò sì lè ya agbára sọ́tọ̀ kúrò lára ìyára. Èkejì ń gbọ̀n ní ìyára kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe mọ́ ọn, tó sábà máa ń ju 128 lọ dáadáa. Fóònù méjì tó ní áàpù kan náà á fúnni ní gbígbọ̀n méjì. Ìbòrí tí wọ́n fi bo fóònù náà á tún yí i padà.

Ẹ̀rọ tó ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ni biothesiometer. Orí rọ́bà rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lé àtàǹpàkò, ìwúwo ara ẹ̀rọ náà ló sì ń tẹ ẹsẹ̀. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kún un. Wọ́n á máa gbé fóltéèjì sókè láti 0 lọ sí 50 títí aláìsàn á fi sọ pé òun mọ̀ ọ́n, wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á mú ìṣirò àárín. Ẹni tó bá kọjá 25 wà nínú ewu egbò. Ṣùgbọ́n fóltéèjì 25 yẹn, ti ẹ̀rọ yẹn ni. 25 tó wà lórí ẹ̀rọ tí o fúnra rẹ ṣe ò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Bí o bá fẹ́ ṣe é, lo kọ́ìlì bíi ti ẹ̀yìn gbohùngbohùn, fi ìgbì mímọ́ 128 Hz wakọ̀ rẹ̀, kí o sì lẹ sensor tó ń wọn ìmìtìtì mọ́ orí tó kan ẹsẹ̀, kó máa kà á nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí o rán jáde kọ́ ni kó o kọ sílẹ̀, ohun tó dé ẹsẹ̀ ni, torí ẹran ẹsẹ̀ máa ń pa gbígbọ̀n. Ní 128 Hz, ìrìn máíkírọ́ọ̀nù 10 lọ sókè jẹ́ bíi 6.5 m/s² lórí sensor. Fi ìyẹn yẹ ara rẹ wò.

Má sì gbé e sókè kíákíá. Bí fóltéèjì bá ń fi 5 gòkè ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí àgbàlagbà sì gba 0.7 ìṣẹ́jú àáyá kó tó tẹ bọ́tìnì, o ti fi 3.5 kún nọ́ńbà rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ 1 ló ń fi gòkè, 0.7 péré ni.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ẹsẹ̀

Mo fẹ́ padà sórí ìbéèrè, torí mo rí i pé motor ti gbé wa lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá máa gba ohùn Yorùbá sínú ẹ̀rọ yìí, kó kíyè sí ọ̀rọ̀ tó máa lò. "Ṣé ó dùn yín?" ò dára. Okùn oní-gíráàmù 10 kì í dunni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé á sọ pé "rárá, kò dùn mí", ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" sàn díẹ̀, àmọ́ ó dún létí àgbàlagbà bí ìdánwò, ojú á sì máa tì wọ́n láti sọ pé àwọn ò mọ̀. Wọ́n tún ń bọ̀wọ̀ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń fẹ́ gbọ́. Bí o bá sì fi "báyìí" kún un, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n báyìí?", o ti sọ ìgbà tí okùn kàn án fún wọn.

Àwọn kan ní kí aláìsàn máa sọ pé "ó kàn mí". Ní yàrá tí èrò ti ń dúró de kí orúkọ wọn kàn, gbólóhùn yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn.

Èyí tó dára jù ni kí a má béèrè rárá. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀: "Nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ kan á máa kan abẹ́ ẹsẹ̀ yín. Nígbàkigbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára, ẹ sọ ọ̀tún tàbí òsì. Bí ẹ ò bá mọ nǹkan kan lára, ẹ dákẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí nǹkan kan ò ní kàn yín." Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti dáhùn ìbéèrè méjèèjì, ojú ò sì ní ti ẹni tó dákẹ́. Bó bá jẹ́ bọ́tìnì, kó jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kó tóbi tó ìdérí ìgò, torí ọwọ́ àwọn kan náà ti ń kú. Fún wọn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó o tó sọ pé wọn ò dáhùn. Kí àlàfo àárín kíkàn kan sí èkejì má sì ṣe dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ̀ lé ìlù.

Ẹni tó bá sọ ọ̀tún tàbí òsì nígbà òfìfo lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́fà, má kọ èsì kankan fún un. Tún ṣàlàyé, tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní èsì kẹta: "kò ṣe é kà".

* * *

Olùtọ́jú Ilé

Gbogbo èyí fún kí ni? Ọmọ lè fi ìka ọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ nínú ilé, kò ra nǹkan kan. Wọ́n ti ṣe é ní Ìlú Ọba, ó sì ṣiṣẹ́.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ẹsẹ̀

Òótọ́ ni. Ipswich Touch Test ni, iṣẹ́ Gerry Rayman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Ipswich, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011. Orí ọmọ ìka mẹ́ta ni ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: àtàǹpàkò, ìka àárín, ọmọńdinrín. Bàbá á di ojú. O máa fi orí ìka ìfábẹ̀lá rẹ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, á sì sọ ọ̀tún tàbí òsì. Àtàǹpàkò ọ̀tún, ọmọńdinrín ọ̀tún, àtàǹpàkò òsì, ọmọńdinrín òsì, àárín ọ̀tún, àárín òsì. Bí kò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fà, ẹ gbé e lọ sí kílíníìkì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni títẹ̀ ẹ́, fífi ìka ra á, àti títún un ṣe nígbà tí kò dáhùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bó bá dákẹ́, ó ti dáhùn.

Ibi tí n ò ti gbà pẹ̀lú yín ni pé kò sí iṣẹ́ fún ẹ̀rọ mọ́. Bí ẹ bá ń ṣe é lóṣooṣù, ètò yẹn á há sí bàbá lórí, á máa dáhùn kí ọwọ́ yín tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kódà nínú ilé, fóònù lè máa da ètò náà rú, kó máa sọ ọ́ sí ọmọ létí, kó kọ ọjọ́ àti èsì sílẹ̀. Kíkàn náà á ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ.

* * *

Ẹ̀rọ Kékeré

Ẹnìkan tún máa béèrè nípa àwọn ẹ̀rọ tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn, torí náà jẹ́ kí n kúkú dáhùn. Wọ́n wà. DPN-Check ń fi iná kékeré ta iṣan sural lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń wọn bí ìròyìn ṣe ń yára gba inú rẹ̀ kọjá àti bó ṣe lágbára tó. Sudoscan ń wọn bí àwọn ojú òógùn ṣe ń dáhùn sí iná díẹ̀ nígbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá wà lórí irin. Méjèèjì gbà wá lọ́wọ́ méfò-méfò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tútù máa ń fa ìyára iṣan sẹ́yìn, ẹsẹ̀ tó wú ń mú kó nira láti gba ìró iṣan, àwọn àgbàlagbà kan tí ara wọn le ò sì ní ìró sural mọ́. Ohun èlò ìlòdànù tí wọ́n máa ń rà fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi DPN-Check wò ló tún ń pa kílíníìkì kéékèèké tì.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ẹsẹ̀

Nǹkan méjì kan wà tí ẹ̀rọ ò ní sọ fún ọ, àbúrò, mo sì fẹ́ kó o kọ ọ́ sí ara àpótí yẹn gan-an.

Èkíní, okùn àti gbígbọ̀n ń dán àwọn iṣan ńlá wò. Àwọn tínínrín tó ń gbé ooru àti ìrora lè ti bà jẹ́ ṣáájú. Ẹni tó ń sọ pé ẹsẹ̀ òun ń jó bí ata lóru lè gba gbogbo ìbéèrè okùn tán. Má ṣe tẹ "ẹsẹ̀ dára" jáde fún un. Tẹ "ó mọ okùn oní-gíráàmù 10", kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì, àpótí ò mọ ohun tó pa iṣan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun, ará wa, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1968 lórí àìsàn iṣan tó ń mú ẹsẹ̀ kú tó sì ń mú ìrìn dojú rú láàárín àwọn tí gbágùúdá jẹ́ oúnjẹ wọn lójoojúmọ́. Sáyánáìdì inú rẹ̀ ló tọ́ka sí. Ẹ̀tẹ̀ lè ṣe é, ọtí lè ṣe é. Metformin tí alátọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ ń lò fún ọdún púpọ̀ lè fa fítámì B12 wálẹ̀, ìyẹn náà ń ba iṣan jẹ́, ó sì ṣe é tọ́jú. Ẹsẹ̀ kan tó kú nígbà tí èkejì pé pérépéré kì í sábà jẹ́ ti àtọ̀gbẹ. Àtọ̀gbẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, torí ibẹ̀ ni àwọn iṣan tó gùn jù lọ parí sí, á sì máa gòkè bí ìbọ̀sẹ̀. Bí ọ̀tún bá yàtọ̀ gedegbe sí òsì, kí ẹ̀rọ kọ ọ́ pé kí dókítà wò ó.

Èsì náà gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ẹni tí ìmọ̀lára rẹ̀ pé, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀: lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tí ìmọ̀lára rẹ̀ ti lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa: oṣù 6 sí 12. Ẹni tó ní méjèèjì, tàbí tó ní ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti yí ìrísí padà: oṣù 3 sí 6. Ẹni tó ní ọ̀kan nínú wọn, tó sì tún jẹ́ pé ó ti ní egbò ẹsẹ̀ rí, tàbí wọ́n ti gé nǹkan lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tàbí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́: oṣù 1 sí 3. O rí i pé ẹ̀rọ ò lè dá ìyẹn ṣírò. Ọwọ́ ni a fi ń wá ìlù ẹ̀jẹ̀ lórí ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀, ojú ni a fi ń wo àárín ọmọ ìka.

Nínú ọgọ́rùn-ún alátọ̀gbẹ, 19 sí 34 ló lè ní egbò ẹsẹ̀ ní ọjọ́ ayé wọn. Ìṣó á gún irú ẹsẹ̀ yìí nínú bàtà, eku á jẹ ẹ́ lóru, omi gbígbóná tí wọ́n fi ń jó o kí "ẹ̀jẹ̀ lè rìn" á bó o, ẹni tó ni ín ò ní mọ̀. Èsì "kò mọ̀" tí kò bá ọ̀rọ̀ bàtà àti omi gbígbóná rìn, ìwé lásán ni.

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́rọ

Mo ti yí i padà. Kò sí àpótí mọ́. Fóònù kan á máa sọ̀rọ̀ sí nọ́ọ̀sì létí: "ọ̀tún, ìdí ọmọńdinrín" tàbí "òsì, àtàǹpàkò, òfìfo". Nọ́ọ̀sì á fi okùn kàn án, á tẹ pẹ́dà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àkókò yẹn kí aago lè bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì méjì á wà lọ́wọ́ aláìsàn. Fóònù á ka aláìsàn tí okùn kọ̀ọ̀kan ti ṣe. Kí ni mo gbàgbé?

* * *

Ẹ̀rọ Kékeré

Pẹ́dà máa ń dún "kà". Kí nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ nígbà òfìfo náà, kí sọ́fítíwíà má sì gba ìbéèrè kankan wọlé tí kò ní pẹ́dà. Fún okùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí okùn méjì bá wà nínú dúrọ́ọ̀ láìní nọ́ńbà, kíkà rẹ ti bà jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fi bátìrì sí i tó lè lo ọjọ́ kan láìsí iná. Kí o tó fi han ẹnikẹ́ni pé ó péye, jẹ́ kí nọ́ọ̀sì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lò ó fún àwọn aláìsàn kan náà, kí o sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, fi wé biothesiometer. Gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí nílé ìwòsàn kí o tó kan ẹsẹ̀ aláìsàn àkọ́kọ́, bó bá sì di ohun títà, NAFDAC ló ń forúkọ irinṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

* * *

Nọ́ọ̀sì Ẹsẹ̀

Sensor ooru olówó pọ́ọ́kú kan tún wúlò fún àwọn tí ìmọ̀lára wọn ti lọ. Kí wọ́n bọ́ bàtà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a wọn ibì kan náà lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá fi 2.2 °C gbóná ju èkejì lọ, tó sì tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nǹkan ń wú lábẹ́ awọ. Kó dín ìrìn kù, kó sì wá.

Àti ohùn inú etí yẹn: etí kan ṣoṣo ni kí nọ́ọ̀sì fi gbọ́ ọ, kí ohùn náà lọ sílẹ̀. Aláìsàn tó jókòó níwájú rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́ "òfìfo".